Pọ́ǹpù Tí Mo Tì Kí N Tó Lọ sí Minna

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kejì

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alásárì tán ni Habibullah, ọkọ Hidayat ọmọ mi, pè mí láti Minna. Dókítà ní kí Hidayat má dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́ títí oyún inú rẹ̀ yóò fi gbó. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ, oyún náà ò sì tíì pé oṣù mẹ́fà. Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò dìgbà tẹ́nikẹ́ni bá túmọ̀ ìyẹn fún mi. Mo ní mò ń bọ̀.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ọmọ mi. Pọ́ǹpù ni. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ta ni yóò máa fa omi sí táńkì tí n kò bá sí nílé? Ọ̀gbẹlẹ̀ yìí ti mú kàǹga gbẹ kiri àdúgbò Ṣàngó wa yìí ní Ìlọrin. Tèmi ṣì lómi, ṣùgbọ́n omi náà ti lọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá tan pọ́ǹpù ju bó ṣe yẹ lọ, omi á tán lábẹ́ rẹ̀, á máa jẹ afẹ́fẹ́, á sì jó. Oṣù Kejìlá ni mo rà á. Ara rẹ̀ ṣì ń dán nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ sínú kàǹga.

Àlàmísì, 6

Hamzah wá láàárọ̀. Ọmọ ìyá mi ni, òun ló tẹ̀lé mi. Ó ń mọ búlọ́ọ̀kù tà lọ́nà Òkè-Oyì, kì í ṣe ẹni tí mo ní láti kọ́ ní pọ́ǹpù, síbẹ̀ mo mú un lọ sídìí àpótí irin ara ògiri, níbi tí a ti ń tan pọ́ǹpù, mo sì kà á fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní Fátíhà.

"Kọ́kọ́ yọjú wo kàǹga ná. Tí omi ò bá tó, má tan án. Tí iná bá ń ṣẹ́jú, má tan án. Tí táńkì bá kún, pa á, yọ fíùsì, ti àpótí, mú kọ́kọ́rọ́ lọ."

"Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ lọ tọ́jú ọmọ yín."

Dorcas ń fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, etí rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wa. Òun àti ọkọ rẹ̀, Olújìmí, ló háyà yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé. Ará Èkìtì ni wọ́n. Hamzah ò tíì jáde tán tí Dorcas fi nu ọwọ́, ó wá bá mi.

"Àlhájà, ṣé kò ní dáa kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ náà sọ́dọ̀ mi? Èmi ni mo wà nílé. Bọ̀dá Hamzah jìnnà."

"Ìyá Tìmílẹ́hìn, má ṣèyọnu. Tí omi bá tán, pè é. Á wá."

Ó ní ó dáa, mà. Ṣùgbọ́n kò wojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Láti ìgbà tó ti ń gbé ibí, n kò rí i kó mú nǹkan mi, ìyẹn ò ní kí n má ronú. Sóbò ló ń ṣe tà, omi sì ni sóbò.

Jímọ̀, 7

Mo gbéra. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà láti ẹnu géètì lọ fa àgádágodo àpótí náà wò. Ọlọ́kadà ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11. Minna

Ẹ̀jẹ̀ náà ti dá. Alihamudu lilahi. Ẹsẹ̀ Hidayat ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, ó wú.

Mo pe Hamzah. Ó ní, "Mo fa omi lánàá, Àǹtí mi. Táńkì kún dẹ́nu."

Mo pe Dorcas, mo díbọ́n bí ẹni tó kàn fẹ́ kí i. Ó ní, "Ilé wà dáadáa, Àlhájà. Omi ni ò sí. Bọ̀dá ò tíì wá rárá."

Ọ̀kan nínú wọn ń purọ́ fún mi. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ìyá mi.

Sátidé, 15

Ooru Minna yìí ju ti Ìlọrin lọ. Tòmátì sì ti gbówó lórí níbí náà, èyí tó rà pàápàá. Mo tún pe ilé. Dorcas tún ní omi ò sí. Hamzah tún ní òun fà á lánàá, pé kí n bi àwọn tó wà nílé bí wọ́n ṣe ń náwó omi.

Hidayat gbórí sókè lórí ìrọ̀rí. "Màámi, ṣé nítorí kàǹga lẹ ṣe ń jágbe báyìí?"

Mo ní kó sùn.

Ọjọ́rú, 19

Mo ronú kan Àhmádù, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ géètì mi. Mo pè é pé kó máa bá mi ṣọ́ ilé. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jìnnà.

"Ẹ̀yin náà lẹ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, Àlhájà. Mò ń rí kẹ́ẹ̀gì o. Ọmọlanke máa ń dúró lẹ́nu géètì yín, kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n á máa kó. Lójoojúmọ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa fóònù. Kí ni mo tún fẹ́ bèèrè? Omi kàǹga mi ni wọ́n ń kó sórí ọmọlanke, tí wọ́n ń tà fún ará àdúgbò, tí èmi ń jókòó ní Minna.

Mo sọ fún Hamzah pé Dorcas ni mo fura sí. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, Àǹtí mi."

Sọ́ńdè, 23

Mo dúró kí àwọn Dorcas jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó pè é.

"Ìyá Tìmílẹ́hìn, o ti di oníṣòwò omi, ká kí ẹ kú oríire."

"Omi wo, mà?"

"Omi kàǹga mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan, bí ẹni tí wọ́n da nǹkan sí lára. "Àlhájà, ẹ tètè máa bọ̀ wálé," ló wí. Ó pa fóònù mọ́ mi létí!

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo gbé sùn lọ́sàn-án yìí nìyẹn.

Sátidé, 1 Oṣù Kẹta

A bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Hidayat ń sunkún pé òun ò lè gbà á. Mo ní Ọlọ́run mọ ipò rẹ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ Hamzah wọlé lẹ́yìn ìṣínu: wọ́n ti já àgádágodo àpótí pọ́ǹpù, òun ti ra òmíràn. Mo mọ̀ ọ́n! Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí Dorcas ti bèèrè kọ́kọ́rọ́.

Àlàmísì, 6

Ìyá Habibullah ti dé sọ́dọ̀ Hidayat, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀, ni mo bá ní kí n yára wálé wo ilé mi, màá padà lẹ́yìn ọdún.

Mo gbá táńkì lábàrá, ó dún gbàǹgbàǹ. Òfìfo. Hamzah ti fi kọ́kọ́rọ́ tuntun sọ́dọ̀ Àhmádù, mo fi ṣí àpótí, mo fi fíùsì sí i, mo tan án. Ó ń kùn lábẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún bí ẹni tí àyà ń dùn. Omi tó jáde lẹ́nu páìpù kò ju ìtọ̀ ọmọ ọwọ́ lọ. Pọ́ǹpù tó jẹ́ pé tí mo bá tan án tẹ́lẹ̀, omi á máa ta sí mi lójú!

Mo rìn lọ sẹ́yìn ilé. Dúróọ̀mù méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà Dorcas. Mo ṣí ìdérí wọn. Omi kún wọn dẹ́nu.

Táńkì mi gbẹ, dúróọ̀mù rẹ̀ kún. N kò tún wá ẹ̀rí mìíràn.

Jímọ̀, 7

Hamzah dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó tan pọ́ǹpù, ó tẹ́tí sí i, ilẹ̀ ló ń wò ní gbogbo ìgbà tó fi ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé ààwẹ̀ ló ń mú un.

"Ó ti jó. Wọ́n tan án mọ́ kàǹga gbígbẹ."

"Fà á jáde kí n rí i."

"Kí lẹ fẹ́ fà á jáde fún nínú ooru yìí? Owó àwọn tó máa fà á tún ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣọdún tán, ká wá òmíràn rà."

Ó lọ. Èmi dúró sí àárín ilé, mo pe Dorcas jáde. Géètì ṣí sílẹ̀, Àhmádù wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn tó ń ti mọ́sálásí bọ̀ ń kọjá. Mo ní kó sọ iye tó ti pa lórí omi mi. Mo ní olè ni. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo tún un sọ.

Kò pariwo. Ó ní, "Àlhájà, ẹ̀ ń gba ààwẹ̀. Ẹ má fi ẹnu ààwẹ̀ sọ ohun tí ẹ ò fojú rí."

"Mo rí dúróọ̀mù rẹ!"

"Ẹ bi mí ibi tí omi inú rẹ̀ ti wá."

"N kò bi ẹ́. Kí oṣù yìí tó tán, kẹ́ ẹ kó jáde nílé mi."

Olújìmí jáde, ó di ìyàwó rẹ̀ lápá mú, wọ́n wọlé.

Ọjọ́ Ajé, 10

Garawa ni mo fi ń fa omi. Okùn ti bó mi lọ́wọ́. Ààbọ̀ bútà ni mo fi ń ṣàlùwàlá.

Nígbà tí mo jí, mo bá garawa omi kan lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì mi, wọ́n fi àwo dé e. Mo mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ṣé omi mi ni wọ́n tún fẹ́ fi bẹ̀ mí? Mo dà á sídìí igi ọsàn.

Ọjọ́rú, 12

Olújìmí wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó jókòó. Ó ní àwọn ti rí ilé ní Kúlẹ́ndé.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, Àlhájà. Ọ̀dọ̀ mẹ́ruwà la ti ń ra omi láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Òun ló ń fi ọmọlanke gbé e wá. Ẹ bi í."

Mo ní ẹni tó ń tà fún yín, kí ni ẹ rò pé yóò sọ? Ó wò mí pẹ́. Ó ní kí Ọlọ́run gba ààwẹ̀ wa, ó dìde.

N kò bi mẹ́ruwà. Mo rí i tó ń ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá nírọ̀lẹ́, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Sátidé, 15

Mo se tùwó àti miyán kúkà, mo ní kí n gbé e lọ fún ará ilé Hamzah kí wọ́n fi ṣínu. Hamzah ò sí nílé. Husseinat, ìyàwó rẹ̀, ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, kò sì dìde.

"Àǹtí, ó ti ń wù mí kí n fojú kàn yín. Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ẹ bò wá láṣìírí."

"Lórí kí ni?"

"Lórí pọ́ǹpù ni, Àǹtí. Nígbà tí pọ́ǹpù sáìtì búlọ́ọ̀kù wa ò fa omi dáadáa mọ́, tí àwọn tó sanwó búlọ́ọ̀kù ń wá bá wa jà nílé, a ò mọ ibi tí a máa gbé e gbà. Ọjọ́ tí ẹ lọ Minna gan-an ni wọ́n lọ fà á wá, wọn ò tiẹ̀ bá ẹnì kankan nílé. Bàbá wọn ní ẹ̀yin lẹ ní kí àwọn wá mú tiyín, pé ẹ fi ta wá lọ́rẹ."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, inú rẹ̀ ń dùn, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Omi ń dà wìì láti ẹnu páìpù, ọmọṣẹ́ kan ń wọ́n ọn sórí búlọ́ọ̀kù tútù, èyí tó kù ń ṣàn lọ sínú iyanrìn.

Wọ́n pe ìrun. Husseinat bu dàbínù fún mi. Ẹyọ kan ni mo jẹ, mo dágbére fún un. N kò bá a jà. Kò ṣẹ̀ mí.

Sọ́ńdè, 16

Kí n tó pe Hamzah, mo kọ́kọ́ kọjá sí ọ̀dọ̀ Àhmádù.

"Kẹ́ẹ̀gì tí o rí nígbà yẹn, ṣé wọ́n ń kó o jáde ni àbí wọ́n ń kó o wọlé?"

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. "Wọ́n ń kó o wọlé ni, Àlhájà. Mẹ́ruwà ni. Ẹ ò bi mí."

Lóòótọ́, n kò bi í.

Hamzah dé lọ́sàn-án. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un pé mo wá, ó ti mọ̀. Kò jókòó.

"Mo ní lọ́kàn pé màá dá a padà kẹ́ ẹ tó dé ni, Àǹtí mi. Iṣẹ́ ló gùn. Mo fi ògbólógbòó tiwa síbẹ̀ kó lè máa fa díẹ̀díẹ̀."

"Àgádágodo ńkọ́? Ta ló já a?"

Ilẹ̀ ló ń wò.

"Hamzah, tó o bá tọrọ pọ́ǹpù lọ́wọ́ mi, mo máa fún ẹ. O mọ̀ pé mo máa fún ẹ. Ṣùgbọ́n o purọ́ fún mi lójú-kojú, o sì jẹ́ kí n pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè lójú títì."

Ìgbà yẹn ló wá wò mí. "Èmi ò dárúkọ rẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Èmi ò kàn já yín níyàn ni."

Mo ní kó máa lọ. Láti ọ̀sán títí di ìsinsìnyí tí mo ń kọ èyí, mo ń wá èsì ọ̀rọ̀ náà, n kò tíì rí i. Ó purọ́, ó jalè, ṣùgbọ́n èmi ni mo dárúkọ Dorcas.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo pe Àhmádù wọlé. Mo ní kí mẹ́ruwà náà dá ọmọlanke rẹ̀ dúró. Mo ní kí géètì wà ní ṣíṣí bó ṣe wà lọ́jọ́sí. Lẹ́yìn náà mo lọ bá Dorcas níbi tó ti ń sẹ́ sóbò, mo kúnlẹ̀.

Ó ju asẹ́ sílẹ̀. "Áà, Àlhájà! Ẹ dìde, ẹ má fi mí gba èpè!"

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Àbúrò mi ló mú pọ́ǹpù mi. Ìwọ ò mú nǹkan kan. Níbí ni mo ti pè ẹ́ lólè, níbí náà ni mo ti ń kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Fi Ọlọ́run yáfì mi, dárí jì mí."

Ọwọ́ rẹ̀ pupa fún sóbò dé ìgbọ̀nwọ́. Ó fi nu ojú, ojú náà pupa. Ó gbé mi dìde. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má lọ mọ́. Ó ní òun á bá bàbá Tìmílẹ́hìn sọ̀rọ̀.

Àlàmísì, 20

Hamzah àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ gbé pọ́ǹpù mi wá. Wọ́n fa ògbólógbòó yẹn jáde, ó ti dípẹtà, ẹrẹ̀ bò ó, ó dà bí ohun tí wọ́n hú nínú sàréè. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi so tèmi. Wọ́n tan án. Omi ta sí mi lójú.

"Ṣé ó ti tán nínú yín, Àǹtí mi?"

"Omi ti dé, Hamzah. Ẹ ṣé."

Sátidé, 22

Òjò àkọ́rọ̀. Kò ju ìgbà tí èèyàn fi ń kó aṣọ lórí okùn lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tutù. Hidayat ní ọmọ ń ta nípàá dáadáa.

Sọ́ńdè, 30. Ọdún ìtúnu

Hamzah ò wá kírun pẹ̀lú wa. Husseinat wá pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ó ti gbọ́. Kò lè wojú mi, mo gbá a mọ́ra.

Mo bu ìrẹsì àti ẹran fún àwọn ará ẹ̀yìn ilé. Dorcas fúnra rẹ̀ ló dá abọ́ padà, ó gbé ìgò sóbò tútù méjì sínú rẹ̀. Mo mu ún lójú rẹ̀. Ó dùn. A jókòó lórí pèpéle, a ń wo àwọn ọmọ tó wọ aṣọ ọdún.

"Àlhájà, mo ti dárí jì yín. Mi ò fi sínú."

"Ó ṣé, ọmọ mi."

"Ṣùgbọ́n a máa lọ."

Mo ní kí ló dé, ṣebí ó ti tán.

"Ó ti tán lóòótọ́, mà. Àmọ́ tí omi bá tún tán nínú táńkì yẹn lọ́jọ́ kan, tí ẹ ò sí nílé, àyà mi á já. Màá máa ronú ohun tí màá sọ. Mi ò lè máa gbé ibi tí àyà mi á ti máa já nítorí omi."

N kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tó sọ òótọ́ tó báyìí, a kì í fi ẹ̀bẹ̀ dà á láàmú.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹrin

Wọ́n kó lọ. Ẹrù ọkọ̀ kan péré. Ó fọ ilẹ̀ yàrá méjèèjì kó tó jáde.

Jímọ̀, 4

Habibullah ní dókítà fẹ́ gba Hidayat wọ́ọ̀dù kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Mo di ẹrù. Mo yọjú wo kàǹga, omi ti gòkè díẹ̀. Mo tan pọ́ǹpù. Kò pẹ́ rárá tí táńkì fi kún tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo pa á, mo yọ fíùsì, mo ti àpótí, mo ti géètì. Lọ́tẹ̀ yìí n kò padà lọ wò ó.

A wà lórí afárá Jẹ́bà nígbà tí Hidayat pè.

"Màámi, ta lẹ fi ilé sílẹ̀ fún?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Omi táńkì ńkọ́? Tó bá tán?"

Mo wo omi odò Ọya láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

"Kò lè tán," mo wí.